Omi Kì í Sọ Ọjọ́ Tí Yóò Dé

Ìlú Kútọnù wà láàárín òkun àti ọ̀sà Nokoué. Ní ọdún 1885, nítorí àkúnya omi, àwọn Faransé la iyanrìn etí òkun, kí omi ọ̀sà lè ráyè ṣàn jáde. Ọ̀nà omi náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Síbẹ̀, ní ọdún 2010, òjò pọ̀ jù. Odò Ouémé kún, ọ̀sà kún. Omi ṣe àwọn ènìyàn tó lé ní 600,000 lọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilé wó, oko bàjẹ́.

Ẹ rí i pé ọ̀nà omi kan kò tó. Bí òjò bá pọ̀ lókè odò, omi ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kọ́ àká yín ga, kí ẹ la ojú àgbàrá. Níbo ni ẹ ó gbé irúgbìn yín sí?