Ilé Ọba Tó Jó: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?



Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé láyé àtijọ́, gbogbo ìlú ló ń ṣe àtúnṣe ààfin. Bí òjò bá ti fẹ́ dé, wọn kì í wá ẹni tí yóò gun òrùlé kiri.

Owó kòkó Oǹdó, Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú yòókù wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ ilé ńláńlá. Ọ̀kan nínú wọn ni Cocoa House ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1965. Iná jó o ní January 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé yẹn ní ẹni tó ni ín: iléeṣẹ́ Odù'a, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1976.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ pa Ìgbìmọ̀ Kòkó rẹ́. Rírà kòkó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Bí ọ̀gá bá yí padà báyìí, ta ni yóò máa kan páànù sítọ́ọ̀? Ibi tí ilé ìjọba ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Owó kíkọ́ wà, a sì fi ìlù ṣí i, ṣùgbọ́n a kò ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Páànù kan tó ṣí lónìí, bí a bá fi sílẹ̀, igi àjà ni yóò jẹrà.

Àwa àgbẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Omi inú kòkó tó gbẹ dáadáa kò gbọdọ̀ ju 8 nínú 100 lọ. Bí sítọ́ọ̀ bá ń jò, kòkó yóò bu, owó rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ń lo sítọ́ọ̀ tàbí kànga ìjọba, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kó kọ ohun tó bàjẹ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìjọba, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ máa yọ díẹ̀ nínú èrè ọdọọdún fún àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ tó pín ìyókù.