Aró Atànmọ́lẹ̀: Láti Orí Kínínì dé Awọ Sẹ́ẹ̀lì

Aró atànmọ́lẹ̀ ni a lè pe àwọn molékù tó jẹ́ pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé wọn, wọn a gbà á sára, wọn a sì tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn, débi pé ibi tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ kì í fara sin mọ́. Ìdí kínínì, oògùn ibà, ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1845, John Herschel ṣàkíyèsí pé omi tí a po kínínì mọ́, bó ti mọ́ gaara tó, a máa yọ àwọ̀ búlúù lójú bí oòrùn bá ta sí i. Ní 1852, George Stokes ti Cambridge ṣàlàyé pé ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí ni kínínì ń gbà, tó sì ń sọ di èyí tí ojú rí.

Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad gòkè Odò Ọya, Samuel Ajayi Crowther wà nínú rẹ̀, Dókítà William Baikie sì ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kínínì. Ibà kò pa ẹnì kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìnàjò 1841 tí Crowther kan náà bá wọn lọ. Molékù kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì, títàn nínú oòrùn àti dídènà ibà, ó sì yẹ kí àwọn òpìtàn sáyẹ́ǹsì máa fẹnu bà á ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Kódà, kínínì ni William Perkin ń wá ọ̀nà àtiṣe ní 1856 tó fi kan aró aláwọ̀ àlùkò. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ aró àtọwọ́dá ti gbilẹ̀, tí Adolf von Baeyer ti Jámánì fi ṣe fluorescein ní 1871.

Ní 1941, Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà so aró atànmọ́lẹ̀ mọ́ àńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi kojú àrùn, èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn àfi èyí tí a torí rẹ̀ ṣe é. Ọgbọ́n yìí ni Larry Frye àti Michael Edidin lò ní 1970 láti wo awọ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọ̀rá àti purotéènì para pọ̀ di. Wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì èkúté àti ti ènìyàn pọ̀ di ẹyọ kan, apá kan ń tàn bí ewé tútù, apá kejì ń pọ́n; kí ìṣẹ́jú 40 tó kọjá, àwọ̀ méjèèjì ti dà pọ̀, ó sì hàn gbangba pé awọ náà kì í ṣe ohun gíràn-án, pé ńṣe ni purotéènì ń rìn káàkiri nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn éèdì ní 2002, ìmọ̀ yìí wọ yàrá àyẹ̀wò wa. CD4 ni purotéènì tó wà lára awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, òun sì ni HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, ń dì mú kó tó wọlé. Aláyẹ̀wò a kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ike tín-ín-rín, a fi àńtíbọ́dì aláró sí i, a sì gbé e sínú òkùnkùn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa ba aró náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò mú sẹ́ẹ̀lì kọjá níwájú iná lésà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì ka èyí tó bá tàn. Láti 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí gbogbo ẹni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de iye sẹ́ẹ̀lì CD4 wọn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò CD4 náà la ṣì fi ń mọ àgbàlagbà tí iye tirẹ̀ kò tó 200 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára jinlẹ̀, tó sì nílò ìtọ́jú kíákíá.