Abèèrè Yàtọ̀ sí Abẹ̀bẹ̀

Abèèrè kì í ṣìnà ni àwọn àgbà wí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé arìnrìn-àjò tí ó bá ń bi ará ọ̀nà léèrè yóò dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan nínú òwe yìí ni ó yẹ kí ará Ìperu tí ń wá ìwé ìjọba yẹ̀ wò: abèèrè ni òwe pe onítọ̀hún, kò pè é ní abẹ̀bẹ̀.

Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ ń wá ojúrere. Ẹni tí a bẹ̀ lè ṣe é, ó sì lè ṣàìṣe é, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń retí èsì, dandan sì ni kí a fèsì fún un. Láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba, ìwé ìnáwó àti ìwé iṣẹ́ tí a gbé fún agbaṣẹ́ṣe ti kúrò lára ohun tí à ń tọrọ. Abèèrè kò ní láti sọ ìdí tí ó fi ń bèèrè. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fèsì, wọn kò sì lè fi ju 7 mìíràn kún un. Ẹni tí a kò dá lóhùn lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 30, ìtanràn 500,000 náírà sì wà fún ẹni tí ó bá kọ̀ láìtọ́. Àkọsílẹ̀ nípa ara ẹlòmíràn ni òfin dáàbò bò ní tirẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kíkúnlẹ̀ kí àgbà tí ó wà nídìí tábìlì kò burú, ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ìkíni kì í sọ ẹ̀tọ́ di ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gbà pé òfin ìjọba àpapọ̀ lásán ni Òfin Òmìnira Ìròyìn, pé kò dé káńsù. Àwọn adájọ́ pàápàá ti jiyàn lé e lórí, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ tí ó ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, pé ó de ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún gbà pé káńsù ni gbogbo ìwé wà. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ìperu wà, ìlú Ìkẹ́nnẹ́ sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ní ti ọjọ́ ìbí, òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, síbẹ̀ àjọ ètò ìkànìyàn ni òfin ọdún 1992 gbé e fún. Ní ti ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi èyí tí a kà sí ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, èyí tí ó túmọ̀ sí Abẹ́òkúta, ó sì fi ti ìgbèríko sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Níhìn-ín ni òwe ti fẹ́ àfikún, nítorí abèèrè a máa ṣìnà bí ó bá bi ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Òfin ti rí èyí tẹ́lẹ̀: ọ́fíìsì tí ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ibi tí ó tọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ.

Ìyá tí kò mọ̀wé, tí ó fẹ́ mọ iye tí a ná sórí ọjà tí ó ń tà nínú rẹ̀, lè fi ẹnu bèèrè. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́ ọ ni òfin pàṣẹ fún pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún ìyá náà ní ẹ̀dà ohun tí ó kọ.