Àríyànjiyàn lórí òfin àti ẹ̀tọ́ ìkópa nínú ìdíje drum corps

Drum corps jẹ́ irú ẹgbẹ́ onílù àti afọnfèrè kan tó gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àwọn kan ń lu ìlù, àwọn kan ń fọn fèrè idẹ, àwọn mìíràn ń fi àsíá dárà, gbogbo wọn a sì máa yan bí ológun lórí pápá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn adájọ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọ Boys' Brigade níbi tí wọ́n ti ń lù tí wọ́n ń yan lọ́jọ́ àjọ̀dún yóò ní òye díẹ̀ nípa bó ṣe rí, àmọ́ ti Amẹ́ríkà ti di ìdíje ńlá tó ní ìgbìmọ̀ àti ìwé òfin tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí ni àríyànjiyàn ti ń wáyé lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa àti lórí ohun tí ẹgbẹ́ lè gbé wọ pápá. Èyí tó le jù lọ nínú wọn ni ti ọjọ́ orí, nítorí òun ló ti lé odidi ẹgbẹ́ kúrò nínú ìdíje àṣekágbá rí.

Òfin àwọn jagunjagun àtijọ́

Ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ ń ṣe àkóso ìdíje náà. Méjì tó lágbára jù nínú wọn ni American Legion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1919 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àti Veterans of Foreign Wars, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VFW. Ojú ológun ni wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ náà. Wọ́n máa ń ṣàyẹ̀wò aṣọ, bàtà àti ohun èlò wọn bí ìgbà tí ọ̀gágun bá ń ṣàyẹ̀wò ọmọ ogun. Àsíá orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì ṣe àsíá náà níṣekúṣe yóò pàdánù máàkì. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn adájọ́ a máa rìn láàárín àwọn eléré, wọn a sì máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí ojú tàbí etí wọn bá bá pàdé. Ìlànà yíyọ máàkì yìí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ìparí sáà ọdún 1983.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí òfin wọ̀nyí bí ẹ̀wù tó ti há. Ní ọdún 1971, Cavaliers ti ìlú Chicago gbé eré wọn ka orí sàkáàsì, Madison Scouts fi ìtàn Alice in Wonderland ṣe tiwọn, Garfield Cadets sì ya àmì àlàáfíà sórí pápá nínú eré kan tó tako ogun, lásìkò tí ogun Vietnam ṣì ń jà. Ó gba ìgboyà láti ṣe irú èyí nínú agbo tí àwọn jagunjagun ń darí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ márùn-ún, Blue Stars, Cavaliers, Madison Scouts, Santa Clara Vanguard àti Troopers, para pọ̀ láti máa dá ìdíje tiwọn ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn náà ṣe irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní máàkì wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ gan-an ni pé àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ máa fúnra wọn ṣòfin. Ibẹ̀ ni Drum Corps International, ìyẹn DCI, ti jáde. Ìdíje àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní ìlú Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní ọdún 1972, Anaheim Kingsmen ló sì gba ipò kìn-ín-ní.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí

Òfin kan wà tí DCI jogún lọ́wọ́ àwọn jagunjagun tí kò sì jù nù: òfin ọjọ́ orí. Láyé ìgbà náà, ọmọ ọdún 21 ni òpin ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó ti kọjá bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ àgbà tiwọn. Ìdí tó wà nínú òfin yìí kò fara sin. Afọnfèrè tó ti fi ọdún mẹ́wàá lé díẹ̀ fọn fèrè kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ọdún 16, bí wọ́n bá sì gba irú àgbà bẹ́ẹ̀ láyè, ẹgbẹ́ tó lówó jù ni yóò máa kó wọn jọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin yìí àti àwọn yòókù ni ìjìyà rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí fèrè bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pàdánù ìdá máàkì kan, ó sì lè gbà á padà níbòmíràn nínú eré. Ní ti ọjọ́ orí, kò sí máàkì tí a lè yọ tí yóò tó o. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti dàgbà jù, gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe lórí pápá lọ́jọ́ yẹn ti di asán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hawthorne Muchachos nìyẹn. Ìpínlẹ̀ New Jersey ni ẹgbẹ́ yìí ti wá, ìmúra àti orin bíi ti àwọn ará Sípéènì ni wọ́n sì fi di gbajúmọ̀. Nígbà tí ìdíje àṣekágbá DCI ti ọdún 1975 wáyé ní Philadelphia, wọ́n wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ ń fojú sí fún ipò iwájú. Wọ́n kópa nínú ìdíje àkọ́ṣe. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí wà láàárín wọn, DCI sì yọ wọ́n kúrò. Madison Scouts ló gba ife lọ́dún náà.

Àwọn tó ru ẹrù ìjìyà yìí pọ̀ ju àwọn tó dẹ́ṣẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ti máa ń rí àwọn tí sáà náà jẹ́ ìkẹyìn fún, àwọn tí òfin ọjọ́ orí yóò mú kúrò nígbà tí ọdún bá yí padà. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ti lè fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣe ìdánrawò nínú oòrùn, kí ìwé ọjọ́ ìbí ẹlòmíràn sì gba alẹ́ ìkẹyìn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀wẹ̀, DCI kò tí ì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Bó bá gbójú fo ọ̀rọ̀ náà nítorí pé ẹgbẹ́ tó lórúkọ ni, àwọn jagunjagun tó kúrò lábẹ́ wọn ì bá rí ohun sọ. Ó hàn pé àwọn tó kọ òfin àgbà sílẹ̀ ní ọdún 1971 ti di ẹni tó ń di òfin mú ṣinṣin ní ọdún 1975.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Denver, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ New Jersey mìíràn. Bayonne Bridgemen, tí àwọn èrò fẹ́ràn nítorí ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ òféfèé àti àwàdà wọn lórí pápá, pàdánù ìdíje ọdún 1977 lórí ẹ̀sùn ọjọ́ orí bákan náà. Ẹgbẹ́ náà padà bọ̀ sípò, ó sì tún wà lára àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Láti ìgbà náà wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni DCI tún òfin náà ṣe. Lónìí, ọ̀dọ́ tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 22 nígbà tí oṣù Kẹfà bá bẹ̀rẹ̀ lè kópa nínú sáà náà, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn.

Ohun èlò orin

Ní ti ohun èlò, ìtàn mìíràn ni. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lónìí lè di àṣà lọ́la. Fèrè bugle tí àwọn ológun ń lò kò ní ìtẹ̀ kankan, ìyẹn ohun tí à ń fi ìka tẹ̀ láti yí ohùn padà. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo ni a kọ́kọ́ gbà láyè, àwọn ohùn kan kò sì ṣeé fọn lórí irú fèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn afọnfèrè kan dá ọgbọ́n: wọn a máa fi ọwọ́ fa páìpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, níbi tí orin ti ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí ohùn tí òfin fi dù wọ́n. Ìtẹ̀ méjì di ohun tó bófin mu ní ọdún 1977, mẹ́ta ní ọdún 1990. Ní ọdún 2000, kò pọn dandan mọ́ kí fèrè wà ní ohùn G. Makirofóònù wọlé ní ọdún 2004, ohun èlò orin oníná wọlé ní ọdún 2009, nígbà tó sì di ọdún 2014, gbogbo fèrè idẹ pátá ti lè wọ pápá.

Ìlù náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlù ni a gbọ́dọ̀ gbé kọ́rùn tẹ́lẹ̀, títí kan tímpánì ńláńlá, kí DCI tó gbà wọ́n láyè láti gbé àwọn tó wúwo kalẹ̀ níwájú pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ kan kò dárí ji DCI lórí makirofóònù, wọ́n ní ohun tó kù kì í ṣe drum corps mọ́.

Iye ènìyàn àti ẹ̀yà akọ tàbí abo

Òfin tún fi ààlà sí iye ọmọ ẹgbẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, 128 ni ààlà náà, àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé iye tí bọ́ọ̀sì mẹ́ta lè kó ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ó di 154 ní ọdún 2018. Iye yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti jọ lójú lọ, nítorí bíńtín ni ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ iwájú: ní ọdún 2008, máàkì 98.125 ni Phantom Regiment fi borí Blue Devils, tó ní 98.100.

Àwọn ẹgbẹ́ kan tún ní òfin tiwọn lórí ẹni tó lè wọlé. Madison Scouts kò gba obìnrin fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún, títí wọ́n fi kéde ní ọdún 2019 pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn tí ọjọ́ orí ti lé kúrò kò ṣàìní ibi tí wọ́n lè lọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni Drum Corps Associates ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdíje fún ẹgbẹ́ àgbà, níbi tí a kì í ti í fi ọjọ́ orí lé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2024, DCI fúnra rẹ̀ gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ ní ìsọ̀rí ọ̀tọ̀, àmọ́ òfin ọjọ́ orí kò yí padà fún àwọn ọ̀dọ́.