Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Iṣẹ́ Wọ́n Gógó Ní Sípéènì

Bí ènìyàn bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ayé, tí wọ́n bá dárúkọ Sípéènì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé, "Àwọn yẹn? Ọ̀lẹ ni wọ́n jàre. Oorun ọ̀sán ni iṣẹ́ tiwọn." Bí wọ́n bá sì sọ fún un pé lọ́dún 2013, àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọn kò rí ní ilẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, á ní, "Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí n kò wí?" Ọ̀rọ̀ parí lójú tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí o. Àwọn tí à ń pè ní ọ̀lẹ yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé tó lé ní 700,000 ní ọdún 2006 nìkan ṣoṣo. Àwọn bàbá wọn sì ni wọ́n di ẹrù, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jámánì àti Faransé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nílé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀lẹ kì í fi ìyàwó àti ọmọ sílé kó lọ wá iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ sílẹ̀ ná, ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti ìgbà tí Ọ̀gágun Franco ti kú ní oṣù November 1975, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àìríṣẹ́ṣe ti gòkè débi pé nínú 100 ènìyàn tó lè ṣiṣẹ́ tó sì ń wá a, àwọn tí kò rí lé ní 20. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1985, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1994, ó sì burú jù lọ ní 2013. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ilé kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó yẹ kéèyàn wo òrùlé wò.

Èkínní: nígbà tí ilẹ̀kùn tì

Franco gba ìjọba lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1939. Fún ogún ọdún, ó ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ náà pa, ìyà sì jẹ mẹ̀kúnnù. Ní 1959 ni ìjọba rẹ̀ yí ètò padà: wọ́n jẹ́ kí owó àwọn àjèjì wọlé, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí etí òkun wọn, ilé iṣẹ́ ń dìde. Àmọ́ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fi oko sílẹ̀ yára ju bí ilé iṣẹ́ ṣe lè gbà wọ́n lọ. Níbo wá ni àwọn tó ṣẹ́kù gbà? Wọ́n lọ òkè òkun ni. Láàárín 1960 sí 1973, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Sípéènì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, Faransé àti Switzerland. Ìjọba Jámánì bá Sípéènì tọwọ́ bọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1960.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà ayé Franco, bí wọ́n bá ka àwọn tí kò ríṣẹ́, iye wọn kì í tó nǹkan. Àwọn kan ṣì ń fi ìyẹn yangàn títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ kò bá kárí, ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ń bọ́ wọn. Àwọn obìnrin náà kò sí nínú kíkà: títí di 1975, òfin ní obìnrin tó ti lọ́kọ kò lè gba iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Egbò tí wọ́n fi aṣọ bò ni, kò tíì jinná.

Ní oṣù October 1973, owó epo rọ̀bì gbéra. Àgbá kan tó jẹ́ nǹkan bí dọ́là mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là méjìlá kí January 1974 tó tán. Àwa ní Nàìjíríà kò lè gbàgbé àsìkò náà: ìgbà yẹn ni owó epo ń wọlé wìtìwìtì, tí owó Udoji fi dé ní 1975, tí àwọn ènìyàn ń ra rédíò àti alùpùpù. Àmọ́ ẹni tó ń ta epo ló ń yọ̀ o, ẹni tó ń rà á kò yọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo epo tí Sípéènì ń lò ló ń rà láti òkèèrè. Jámánì ní òun kò gba òṣìṣẹ́ àjèjì mọ́ ní November 1973, Faransé ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Ilẹ̀kùn tì. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń padà bọ̀ wálé, àwọn tó fẹ́ lọ kò lè lọ mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Franco ń kú lọ, tí àwọn tó kù nídìí ìjọba ń bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún ará ìlú. Nígbà tó máa fi di 1977, ọjà ń fi ohun tó lé ní 20 nínú 100 gbówó lórí lọ́dún kan. Àwọn olóṣèlú wá jókòó ní ààfin Moncloa ní October ọdún náà, wọ́n jọ ṣàdéhùn pé owó oṣù kò gbọdọ̀ máa sáré tẹ̀lé owó ọjà mọ́. Ìyẹn ran ìṣèlú lọ́wọ́ gidi, kò dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ irin àti ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá wọn dupò kò lè bá Japan àti Korea figagbága. Felipe González wọlé ìbò ní 1982, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣèlérí iṣẹ́ 800,000. Kàkà kí iṣẹ́ wá, ṣe ló ń ti ilé iṣẹ́ pa. Ní Sagunto, lẹ́bàá òkun Valencia, gbogbo ìlú ló tú síta, wọ́n wọ́de, wọ́n yanṣẹ́ lódì ju ọdún kan lọ kí iná ìléru wọn má baà kú. Iná náà kú ní 1984. Ní Bilbao, àwọn òṣìṣẹ́ Euskalduna tó ń kan ọkọ̀ ojú omi bá ọlọ́pàá wọ̀yá ìjà ní 1984 kan náà. Lónìí, gbọ̀ngàn orin ńlá ló wà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ náà. Gbọ̀ngàn náà dára lójú, àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ń jó irin pọ̀ ni iṣẹ́ á kàn níbẹ̀?

Èkejì: ọmọ onílé àti ayálégbé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ le tó báyìí, ìjọba González gbé òfin kan jáde ní 1984. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó bá níṣẹ́ ní Sípéènì kò rọrùn láti lé: bí ọ̀gá bá lé òṣìṣẹ́ láìnídìí, owó iṣẹ́ ọjọ́ 45 ni yóò san fún un lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá láti gba ènìyàn. Òfin tuntun wá ní ó dáa, ẹ kò ní fọwọ́ kan àwọn tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè máa gba ẹni tuntun fún oṣù díẹ̀ díẹ̀. Bí oṣù bá pé, kó máa lọ, owó tẹ́ẹ máa fún un kò ní tó nǹkan.

Bí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan dà bí ọmọ onílé, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí wọ́n dìde. Àwọn yòókù dà bí ayálégbé tí onílé lè kó ẹrù rẹ̀ síta nígbà tó bá wù ú. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta àwọn tó ń gba owó oṣù ló jẹ́ ayálégbé báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé òfin náà ṣiṣẹ́. Sípéènì wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní January 1986, owó ń wọlé, iṣẹ́ ń pọ̀. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ìjọba tún gbé ètò mìíràn wá fún iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ìyanṣẹ́lódì ti 14 December 1988 pa gbogbo ilẹ̀ náà dé. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá kú pì ní agogo méjìlá òru.

Ọdún 1992 ni wọ́n ṣe eré Olympic ní Barcelona, tí wọ́n pàtẹ ọjà àgbáyé ní Seville. Àlejò kò tíì lọ tán tí ọrọ̀ ajé fi dojú dé. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ lé? Àwọn ayálégbé ni. Lọ́dún 1994, nínú 100, nǹkan bí 24 ni kò níṣẹ́. Àmọ́ ohun kan wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà: owó tiwọn, pẹsẹ́tà. Láàárín September 1992 sí March 1995, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dín iye rẹ̀ kù. Ọjà Sípéènì wá di ọ̀pọ̀ lójú àjèjì, àwọn arìnrìn-àjò ya dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà kẹta, kò sí i mọ́.

Ẹ̀kẹta: bíríkì àti gbèsè

Sípéènì wọ owó yúrò ní 1999, owó náà sì dé ọwọ́ ará ìlú ní 2002. Èlé lórí owó ilé tó ti ju 10 nínú 100 lọ wálẹ̀ sí nǹkan bí 3 tàbí 4. Àwọn báńkì Jámánì àti Faransé ń yá àwọn báńkì Sípéènì lówó, àwọn náà ń yá ará ìlú. Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Ilé ni. Láàárín 1997 sí 2007, owó ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìjọba ìbílẹ̀ ń rí owó lórí ilẹ̀ tó ń tà. Àwọn báńkì alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ń pè ní caja, tí àwọn olóṣèlú àdúgbò jókòó sórí wọn, kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ pé ó tó. Ní Seseña, ní gúúsù Madrid, ọkùnrin kan gbèrò láti kọ́ ilé 13,500 sórí pápá gbígbẹ. Ní Ciudad Real, wọ́n fi nǹkan bí bílíọ̀nù yúrò kan kọ́ pápákọ̀ òfuurufú kan; wọ́n ṣí i ní 2008, wọ́n tì í ní 2012.

Iṣẹ́ pọ̀ o. Bírikìlà, káfíńtà, lébìrà, gbogbo wọn ń rówó. Àwọn ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ń fi iwé sílẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ilé, nítorí pé owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ju ti olùkọ́ wọn lọ nígbà mìíràn. Nínú 100 ọ̀dọ́, nǹkan bí 30 ni kò lọ jìnnà nínú ẹ̀kọ́. Àwọn àjèjì wá láti Ecuador, Morocco àti Romania; wọn kò tó mílíọ̀nù kan ní 2000, wọ́n lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ní 2008. Ní 2007, àìríṣẹ́ṣe ti sọ̀kalẹ̀ sí 8 nínú 100. Wọ́n rò pé bí ọdún yìí ṣe rí ni ọdún tó ń bọ̀ yóò rí. Ẹni tó bá sì fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Nígbà tí báńkì kò yáni lówó mọ́ ní 2008, iṣẹ́ ilé dúró gbagidi. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ tó ń jẹun nídìí ilé kíkọ́ kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ní 2013. Àwọn kan ní ìjọba Sípéènì ló náwó nínàákúnàá. Irọ́ ni. Ní 2007, owó tó ń wọlé fún ìjọba ju èyí tó ń ná lọ, gbèsè rẹ̀ sì kéré sí ti Jámánì. Gbèsè àwọn báńkì àti ti àwọn onílé ló wá di ti ìjọba lẹ́yìn náà.

Ẹ wò ó báyìí. Ní 2009, ọrọ̀ ajé Jámánì fà sẹ́yìn ju 5 nínú 100 lọ, ti Sípéènì kò tó 4. Síbẹ̀, ní Jámánì, àwọn tí kò níṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù, ìjọba sì san díẹ̀ nínú owó tó dín. Ní Sípéènì, àìríṣẹ́ṣe fò láti 11 lọ sí 18 láàárín ọdún kan. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ayálégbé rọrùn láti tì síta. Wọn kò sì ní pẹsẹ́tà mọ́ tí wọ́n máa dín kù. Owó oṣù àwọn ènìyàn ni wọ́n wá ń gé, ẹni tí wọ́n bá gé owó oṣù rẹ̀ kò sì ní lè lọ sọ́jà, ọlọ́jà náà á lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ sí ẹ̀yìn títí tó fi kan 26 nínú 100.

Ojú wọn rí tó. Ẹni tí kò lè san owó ilé mọ́, báńkì á gba ilé, gbèsè á ṣì kù sí i lọ́rùn. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá àgbà kan ló ń bọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún 25 tó ń wá iṣẹ́, ó ju ìdajì lọ tí kò rí. Ní 15 May 2011, wọ́n kún Puerta del Sol ní Madrid, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀. Àwọn tó kàwé nínú wọn, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà, tún di ẹrù lọ sí Jámánì. Ọ̀nà tí bàbá àgbà gbà lọ ní 1962 náà ni.

Kí la rí kọ́?

Bí igi bá wó lu igi, ti òkè là á kọ́kọ́ gbé. Nígbà kọ̀ọ̀kan, igi mìíràn ló wà lókè: epo ní àkọ́kọ́, ìnáwó àti owó pẹsẹ́tà tó wọ́n jù lẹ́ẹ̀kejì, ilé lẹ́ẹ̀kẹta. Àmọ́ igi tó wà nísàlẹ̀, tí gbogbo wọn wó lé, ọ̀kan náà ni láti 1984: ilẹ̀ tó sọ ẹnìkan nínú mẹ́ta òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ẹni tí a lè tì síta láìwẹ̀yìn. Kí ló dé tí ọ̀gá fi máa kọ́ ẹni tó ń lọ lóṣù mẹ́ta òní níṣẹ́ ọwọ́? Kí ló dé tí ẹni tó ń lọ náà fi máa fi ọkàn sí iṣẹ́ náà?

Ní ìparí 2021, ìjọba, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹnu kò, wọ́n sì dín agbára òfin iṣẹ́ oṣù díẹ̀ yìí kù. Àwọn tó ní iṣẹ́ gidi ti pọ̀ sí i. Ní 2024, àìríṣẹ́ṣe ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 11 nínú 100. Ó ṣì ga ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n 11 kì í ṣe 26.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ lójú yín pé ọ̀lẹ ni ọmọ Sípéènì, ẹ rọra bi í léèrè: ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ní 2006 tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́? Ṣé ọdún méje péré ni odindi orílẹ̀-èdè fi ń kọ́ ọ̀lẹ? Ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" rọrùn láti sọ, nítorí pé bó bá ti jẹ́ pé ọ̀lẹ ló fà á, kò sí ẹni tó ní ohunkóhun láti tún ṣe. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tí kò rí, ìyà rẹ̀ tó o. Kò yẹ ká tún fi èébú kún un.