Dísìkì Ò Kú, Ògbufọ̀ Ni Kò Sí

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtìjú tèmi fúnra mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Èmi ni mo bá a ra server tòkunbọ̀ kan tó ní dísìkì mẹ́rin, ibẹ̀ ló sì ń kó fọ́tò àwọn oníbàárà sí. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n bá a yọ Linux àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀, kí n fi tuntun sí i. Mo ṣe é tán, mo tan ẹ̀rọ. Linux tuntun dé lóòótọ́, àmọ́ dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pòórá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà! Ẹ̀gbọ́n pe oníṣẹ́ kan. Ìyẹn wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn dísìkì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká format wọn, bóyá wọ́n á jí."

Mo ní kó dúró ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ló jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Dísìkì kì í bá Windows tàbí Linux sọ̀rọ̀ tààrà. Controller ló wà láàárín wọn, ìyẹn káàdì tàbí chip tí wáyà dísìkì ń wọ inú ẹ̀. Oríṣiríṣi controller ló wà, èdè wọn ò sì jọra. Driver ni ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè yẹn. Bí ògbufọ̀ ò bá sí, ńṣe ló máa dà bíi pé kò sí dísìkì kankan nínú ẹ̀rọ.

Windows XP jáde ní October 25, 2001. Nígbà yẹn, dísìkì IDE ló wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé, XP sì ti gbọ́ èdè IDE. Àwọn tó ń lo káàdì SCSI tàbí RAID ló nílò ògbufọ̀ láti ìta. Tí ẹ bá ń fi XP sórí ẹ̀rọ, ìlà kékeré kan á yọ nísàlẹ̀ pé kí ẹ tẹ F6. Kò ní pẹ́ tó fi máa kọjá lọ. Tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, orí flọ́pì ni driver gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ò lè fi CD ṣe é, ẹ ò lè fi fláàṣì ṣe é. Flọ́pì 1.44 MB ni.

Ní 2003, dísìkì SATA bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lọ́dún yẹn kan náà, Dell kéde pé òun ò ní máa fi flọ́pì sínú àwọn kọ̀ǹpútà ilé Dimension mọ́ bí kò ṣe pé oníbàárà béèrè fún un. Apple ti yọ ọ́ kúrò nínú iMac láti 1998. Ní 2004, Intel gbé AHCI jáde, èdè tuntun fún controller SATA. XP ò gbọ́ ọ. Ẹ wò ó báyìí: ìgbà tí gbogbo èèyàn wá nílò F6 gan-an ni flọ́pì ń kógbá sílé.

Ohun táwọn èèyàn wá ń rí ni ojú búlúù tí wọ́n kọ 0x0000007B sí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Windows ò rí ọ̀nà dé orí dísìkì tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé dísìkì ti bàjẹ́. Àwọn tó gbọ́n wọ inú BIOS, wọ́n yí AHCI padà sí IDE, kí controller lè máa sọ èdè àtijọ́. Àwọn mìíràn lo nLite láti ti driver bọ inú CD XP fúnra ẹ̀.

Nígbà tí Vista dé ní January 2007, ó ti gbọ́ AHCI, ó sì ń gba driver láti orí CD tàbí fláàṣì. Ìtura ńlá nìyẹn.

Àmọ́ ìṣòro tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ògbufọ̀ tiwa wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ ni. Àpẹẹrẹ tó hàn sí gbogbo ayé ni Red Hat Enterprise Linux 8, tó jáde ní May 2019. Wọ́n yọ driver àwọn káàdì àtijọ́ bíi mélòó kan kúrò, wọ́n sì kọ orúkọ wọn síta. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní ELRepo wá ń ṣe púpọ̀ nínú driver yẹn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ra server tuntun lè má mọ̀ ọ́n lára. Àwa ńkọ́? Ohun tí wọ́n pè ní àtijọ́ lọ́hùn-ún, òun la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà ní Ìkẹjà. Èmi ò sì ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Mo tẹ lspci -k. Orúkọ káàdì náà jáde, àmọ́ ìlà "Kernel driver in use" ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀: káàdì wà láàyè, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ èdè ẹ̀ ni. Mo fi Linux àtijọ́ sórí fláàṣì, mo fi tan ẹ̀rọ. Dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, fọ́tò pé. Mo kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn ná, kí n tó wá driver fún Linux tuntun. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù Intel kan láti 2020, tí VMD bá wà ní títàn, ẹ lè fẹ́ fi Windows sí i kó ní òun ò rí dísìkì kankan, àfi tí ẹ bá fún un ní driver Intel láti orí fláàṣì. Ṣé ẹ mọ orúkọ tó wà lára fáìlì driver yẹn? f6flpy. F6, flọ́pì. Flọ́pì ti lọ, orúkọ ẹ̀ ò lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín lọ sí tuntun, ẹ wo orúkọ controller yín, ẹ wá driver ẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ sì da fáìlì yín kọ síbòmíràn. Bí dísìkì bá wá pòórá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni format ẹ̀, ẹ má sì gbà bí káàdì RAID bá ní kí òun tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ògbufọ̀ wà.

Ó dìgbà kan ná o.