Ọtí Tó Kọ̀ Tí Kò Hó: Ìwúkàrà, Àwìn àti Ọdún 1969 ní Tamale

Agogo méje alẹ́ ni mo da ìwúkàrà sínú ọtí mi. Nígbà tó fi máa di agogo márùn-ún ìdájí, mo ti ṣí ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nígbà mẹ́fà, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ti gbóòórùn rẹ̀, kò sì sí ìfófòó kankan lójú rẹ̀. Omi pupa tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ ń mú ní Tamale, mo sì fi aṣọ bora jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Èrò mi ni pé mo ti pa á. Bóyá omi ọkà náà kò tíì tutù tó nígbà tí mo da ìwúkàrà sí i. Bóyá òórùn ọṣẹ ṣì wà lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bóyá ọwọ́ mi ni kò mọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi ọtí pípọn ṣe nínú yàrá kan ní Moshie Zongo. Ìwé gbèsè kan ló gbé mi débẹ̀. Ìyá bàbá mi ṣòwò ní Tamale títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969. Àwo tánganran, bàsíà, ìkòkò irin, ọ̀bẹ àti dígí ni wọ́n ń tà. Wọn kò fi ọtí kan ẹnu rí, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́tí ni oníbàárà wọn gidi, nítorí kò sí ẹni tó ń lo bàsíà àti ìkòkò ńlá tó obìnrin tó ń pọn pito. Àwìn ni wọ́n ń tà á fún wọn: gbé e lọ, pọn ọtí rẹ, tí o bá tà á tán kí o mú owó wá. Ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ mi, ìwé ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Lábẹ́ àkọlé “Àwọn ọlọ́tí”, orúkọ obìnrin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Láti ọdún 1965 ni Gánà ti fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀ fún sídì, ṣùgbọ́n ṣílè ni ìyá àgbà ń kọ títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn.

Zongo ni orúkọ tí wọ́n ń pe àdúgbò àwọn àlejò káàkiri Gánà. Láti inú èdè Haúsá ló ti wá, zango, ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń sọ̀ sí. Moshie ni wọ́n ń pe àwọn Mossi, àwọn èèyàn Mogho Naaba ti Ouagadougou, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Ọdún 1907 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ibùjókòó ìjọba wọn ní apá àríwá kúrò ní Gambaga wá sí Tamale, ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àlejò. Àwọn Mossi wá, àwọn Haúsá wá, àwọn tiwa náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí. Jeremy Eades kọ odidi ìwé kan nípa àwọn Yorùbá oníṣòwò apá àríwá Gánà wọ̀nyí, Strangers and Traders. Mo kà á ní ìlọ́po méjì kí n tó wọ ọkọ̀. Òwò ni mo bá níbẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí oníbàárà ìyá àgbà ń fi bàsíà náà ṣe.

Tamale jẹ́ ìlú Mùsùlùmí, onílé mi náà sì jẹ́ Mùsùlùmí, Alhaji kan tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ Mossi. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí n tó gbé ohunkóhun wọlé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú yàrá mi, èmi àti Ọlọ́run mi ni, ṣùgbọ́n kí òórùn rẹ̀ má ṣe jáde sí àgbàlá tí àwọn ti ń kírun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní baba ńlá àwọn mu raam dáadáa kó tó gba ẹ̀sìn. Raam ni Mossi ń pè é. Dolo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní Burkina Faso, tchoukoutou ní àríwá Benin. Àwa mọ̀ ọ́n ní ọtí bàbà tàbí bùrùkùtù, kò sì jìnnà sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo ṣe.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ jẹ́ Dagara láti ìhà Nandom. Màámà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Etí àdúgbò ni àgbàlá wọn wà, Haúsá tí kò dán mọ́rán lẹ́nu èmi àti àwọn la sì fi ń gbọ́ ara wa yé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ọtí pípọn dà bí ọbẹ̀ síse: kí a gbé e kaná, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbà wá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. A rẹ ọkà bàbà pupa sínú omi, a sẹ́ ẹ, a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a fi àpò bò ó, a ń wọ́n omi sí i títí ó fi hù. Ibí yìí ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gbẹ jù, kò ní hù. Bí ó bá tutù jù, tí ó sì nípọn jù, á gbóná láàárín, á bu, nǹkan funfun bí òwú á bò ó. Ibi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, Màámà á bù ú sọnù láìronú. Mo ní kí a fọ̀ ọ́, wọn kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Nígbà tó hù tán, a sá a gbẹ nínú oòrùn, a fi ọwọ́ ra á kí ẹ̀hù gbígbẹ náà lè já kúrò, a sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀hù ọkà bàbà tútù ní sáyánáìdì nínú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Sísá, rírà àti síse ló ń dín in kù. Màámà kò pe orúkọ kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewúrẹ́ tó bá jẹ ọmọ ọkà bàbà nínú oko lè kú, kí n sì ra á dáadáa.

A lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ omi, a gún igi ilá tútù, a pò ó mọ́ ọn kí yíyọ̀ rẹ̀ lè fa ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀. A sé e, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò láàárọ̀, ó ti kan. Ọkàn mi já. Mo ní, “Màámà, ó ti bàjẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kíkan àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n ń wá. Òun ni kì í jẹ́ kí ohun burúkú mìíràn ráyè wọlé. Ó yẹ kí n ti mọ̀, nítorí nílé ẹni tó ń ṣe ògì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí omi ògì kíkan ń dẹ́rù bà. A tún sé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ó fi pọ́n tó sì dùn, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó tutù. Màámà tú àkísà funfun kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó gbẹ bí ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń tà á lọ́jà, ṣùgbọ́n tiwọn ni wọ́n bù fún mi, wọn kò gba owó. Mo gbé ìpín tèmi lọ sílé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n lè dá a ṣe fúnra mi. Bí mo ṣe di ẹni tí kò sùn nìyẹn.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú ìdààmú yìí ti bá. Ní ọdún 1856, ní ìlú Lille ní Faransé, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Bigo ń fi bíìtì ṣe ọtí líle, ó sì ń kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Louis Pasteur, ó sì bẹ Pasteur kó wá bá òun wò ó. Pasteur fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́. Nínú èyí tó dára, ohun roboto ló rí, ìwúkàrà. Nínú èyí tó kan, àwọn mìíràn tó gùn tín-ín-rín ló kún ibẹ̀. Ọdún 1876 ló tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen ya irú ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní Carlsberg ní Denmark, kí ìwúkàrà ìgbẹ́ má baà máa ba bíà wọn jẹ́ mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, òfin Bavaria ti ọdún 1516 ka ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú bíà: ọkà báálì, hop àti omi. Kò dárúkọ ìwúkàrà, bẹ́ẹ̀ láìsí i, kò sí bíà.

Ẹ wá wo àkísà Màámà. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ìwúkàrà pito àti dolo wò ní Gánà àti Burkina Faso, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni Saccharomyces cerevisiae, irú èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Kò sí awò lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó dára ni wọ́n ń sá, wọ́n ń da ti èyí tó bàjẹ́ nù, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọ. Yíyàn ni Hansen náà ń yàn. N kò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni, nítorí ọtí Màámà máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn, wọ́n sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí bí a ṣe ń ka ìtàn ọtí ní ilẹ̀ wa bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ìpọntí Accra ti ọdún 1931, tàbí bíà Star tó jáde ní Èkó ní ọdún 1949, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì wọlé ní ọdún 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yíjú sí.

Ẹ̀rù ọtí kì í ṣe ẹ̀rù lásán o. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ní Chitima ní Mozambique, èèyàn 75 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu pombe níbi ìsìnkú. Obìnrin tó pọn ọ́n wà lára àwọn tó kú. Wọ́n kọ́kọ́ ní òróòro ọ̀nì ni ẹnìkan dà sí i. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti bàjẹ́ ni, kòkòrò àìfojúrí kan ti ṣe oró sínú rẹ̀, síse kò sì lè pa oró náà. Ìtàn yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkà tí Màámà dà nù yé mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ bá wọn. Wọn kò dìde níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, “Ṣé o gbé etí lé e?” Mo ní ojú ni mo fi wò ó. Wọ́n ní òtútù ni, kí n gbé e sún mọ́ ògiri tí oòrùn ń bá, kí n sì yé ṣí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, mo gbé etí lé e, mo sì gbọ́ ọ: ó ń ta wíṣíwíṣí bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé lọ́ọ̀ọ́kán. Inú mi dùn débi pé mo rántí òórùn tí Alhaji kìlọ̀ nípa rẹ̀. Mo tẹ ọmọrí náà pa gbọn-in, mo gbé òkúta lé e lórí.

Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí ti mọ ohun tó kù. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àárọ̀ ni ọmọrí náà fò, òkúta bọ́ sílẹ̀ gbì, ọtí sì ya lu ògiri. Alhaji kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n wá omi fọ ilẹ̀ kíá, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí mo fi kúrò nílé wọn.

Mo gbé èyí tó kù lọ fún Màámà pẹ̀lú ìwé gbèsè náà. Wọ́n tọ́ ọtí náà wò, wọ́n ní ó kan díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé mu. Mo ka orúkọ mọ́kànlá náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọn fúnra wọn kò sì tíì dé Tamale nígbà náà. Wọ́n béèrè ìdí tí ìyá àgbà kò fi gba owó wọn kí wọ́n tó lọ. Mo ṣàlàyé: ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tàbí kí ó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ kò ní ìwé kankan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tó láti ta ọjà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ láti gba àwìn, kò sì tó fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọkà sómi láti rí owó bàsíà san. Màámà mi orí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn náà wà ní Èkó ní ọdún 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà. Òun náà ní gbèsè níta.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta bàsíà nígbà náà. Mo sọ iye tó wà nínú ìwé, ní ṣílè. A jókòó, a gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ sí sídì òní, kò bọ́ sí i, a fi í sílẹ̀. Wọ́n da ìyókù ọtí mi sínú igbá fún ẹni tó bá fẹ́ mu, wọ́n rọra da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sórí àwo tánganran kan tí etí rẹ̀ ti bó, wọ́n sì ní kí n lọ sá a sí oòrùn, ní ibi tí adìẹ kò ti ní dé.